Ọgbọ́n Tí Wọ́n Dá Kí Wọ́n Lè Pé Ọgbọ̀n

"Bàbá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fá irùngbọ̀n yín."

Kílípà dákẹ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ náà. Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó yíjú sí dígí ńlá tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì rọra fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń pa ológbò lára. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń tọ́jú rẹ̀. Òróró tó ń fi sí i lọ́tọ̀, òòyà tó fi ń yà á lọ́tọ̀.

"Kí n fá kí ni?"

"Irùngbọ̀n yín, sà. Ọjọ́ kan péré la fẹ́ kẹ́ ẹ wá bá wa jókòó ní kíláàsì bí ọmọ ilé ìwé."

"Èmi tí mo ní ìbejì nílé?"

"Ẹ ò kúkú ga, ojú yín sì kéré. Tí irùngbọ̀n bá ti kúrò níbẹ̀, ta ló máa mọ̀?"

Ọkùnrin náà kúrú lóòótọ́. Kó tó dá irùngbọ̀n sí, àwọn oníbàárà tuntun máa ń wọlé, wọ́n á wò yí ká, wọ́n á sì bi í pé, "Ọ̀gá rẹ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kàn án lára, ṣùgbọ́n kò lè bínú sí i. Ọmọ náà ò jókòó, omi sì ti fẹ́ máa yọ lójú rẹ̀.

Akọ̀wé ni gbogbo ilé ìwé ń pe ọmọbìnrin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì wà ní kíláàsì kejì ní girama àgbà. Ìkọ̀wé rẹ̀ gún régé débi pé ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé rẹ́jísítà kíláàsì lé e lọ́wọ́, pé kó máa sàmì sí orúkọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láìyege nínú kẹ́mísìrì. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Láti ọdún tó kọjá tí olùkọ́ kẹ́mísìrì wọn ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò tíì rọ́pò rẹ̀. Tó bá di àkókò kẹ́mísìrì, olùkọ́ eré ìdárayá ló máa ń wọlé. Á ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n máa kà á sínú, òun náà á sì ṣí ìwé ìròyìn bọ́ọ̀lù, á máa kà á síta.

Kì í ṣe pé ọ̀gá àgbà, tí àwọn ọmọ ń pè ní màmá ọ̀gá, káwọ́ gbera. Ó kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló wà níkàáwọ́ àwọn, kó lọ bá ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní olú-ìlú. Ó kọ sí olú-ìlú. Àwọn yẹn ní ohun tí ọmọ máa kọ́ àti ìdánwò tó máa ṣe làwọn ń bójú tó, kó lọ bá àjọ tó ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Ó kọ sí àjọ. Àjọ ní kó kọ́kọ́ gba ọ́fíìsì ẹkùn kọjá. Ká ní lẹ́tà yẹn jẹ́ èèyàn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti wú. Níkẹyìn, ọ́fíìsì ẹkùn fèsì: olùbẹ̀wò ilé ìwé kan ń bọ̀ lọ́jọ́rú, ní aago mọ́kànlá, láti wá wo kíláàsì náà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Ẹni tó gbé ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ni ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Rédíò ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìròyìn tí kì í gbọ́, kò sì sí èyí tó máa ń gbọ́ tán.

"Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ o! Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àwọn olùkọ́, mo gbọ́ tí olùkọ́ ìṣirò ń ka ìwé òfin fún màmá ọ̀gá. Ó ní, 'Kíláàsì tí kò bá pé ọgbọ̀n...'"

"Kíláàsì tí kò bá pé ọgbọ̀n ńkọ́?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé agogo ló dún lásìkò yẹn, Rédíò ò gbọ́ ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ kí rédíò sọ pé òun ò mọ̀?

"Wọn ò ní fún wọn ní olùkọ́ ni! Kí ló tún kù?"

Akọ̀wé ṣí rẹ́jísítà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n ni wọ́n nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan ti lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ọmọbìnrin kan sì ti bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Akọ̀wé ti fi ìlà pupa fa orúkọ àwọn méjèèjì kọjá.

"Èèyàn méjì péré," ni Rédíò wí. "Tá a bá rí èèyàn méjì yá, ìṣòro wa tán."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi màmá ọ̀gá, kó dá wa lójú."

"Bi í kẹ̀? Tó o bá bi í, ṣé kò ní mọ ohun tá a fẹ́ ṣe ni? Ọ̀rẹ́ mi, ọgbọ́n la máa fi pé ọgbọ̀n."

Inú Akọ̀wé ń sọ fún un pé kó lọ béèrè. Láti ìdí bẹ́ńṣì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, kò tó ogójì ìṣísẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń fẹ́ lójú méjèèjì máa ń di etí méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde níléèwé lọ́jọ́ náà, ó ṣí ojú ewé tuntun nínú rẹ́jísítà, ó da gbogbo orúkọ ọgbọ̀n kọ láìsí ìlà pupa kankan, ó sì fa èyí tó jẹ́ òótọ́ ya.

Ó wá ku èèyàn méjì tó máa dáhùn sí orúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ti jáde girama lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò tiẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ pẹ́. Ó ní ó ti ń dun òun tipẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ ilé ìwé náà, pé òun á rán méjì tó dáa, òun á sì wọ ọ̀kan síbẹ̀. Ìkejì ni bàbá kékeré.

"Tí mo bá di nọ́ọ̀sì," Akọ̀wé ń bá ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, "tí ara àwọn ìbejì ò bá yá, ṣé ẹ máa jókòó kalẹ̀ kí ẹlòmíì máa tọ́jú wọn ni?"

Onígbàjámọ̀ náà mí kanlẹ̀. Ó gbé kílípà, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, ó sì fá a. Nígbà tó délé, àwọn ìbejì wò ó, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n sì sá lọ sẹ́yìn ìyá wọn.

Ọjọ́rú dé. Àdéhùn ni pé aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni bàbá kékeré máa ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó kọjú sí géètì ilé ìwé. Ó ti wọ aṣọ ilé ìwé sábẹ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni mọ́tò kan dúró níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ́ sílẹ̀, ó wọ awò ojú, ó há bírò pupa sí etí. Dírẹ́bà rẹ̀ gbé mọ́tò sábẹ́ igi, ó sì jáde ní géètì. Obìnrin náà bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì fún ogún ìṣẹ́jú kó tó kọrí sí kíláàsì wọn.

"Ó ti dé!" Rédíò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Olùbẹ̀wò ti dé!"

Àǹtí aránṣọ ti wà lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ní tirẹ̀. Akọ̀wé ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá ọkùnrin kan tó sanra dáadáa lórí àga, ó doríkodò, ó ń sùn. Bàbá kékeré ti gẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò tíì fọwọ́ kan òsì.

"Ẹ máa bọ̀, sà!"

"Ṣé o ò rí i pé orí èèyàn ló wà lọ́wọ́ mi ni?"

"Olùbẹ̀wò ti wà ní kíláàsì!"

Onígbàjámọ̀ náà wo orí, ó wo géètì. Ó tẹ oníbàárà rẹ̀ létí pé, "Ọ̀gá mi, ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ má mira o." Ọkùnrin náà ní "hùn" láti inú oorun. Bàbá kékeré bọ́ aṣọ iṣẹ́ jù sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, bí wọ́n sì ṣe jókòó ni olùbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ ohun kan nípa ohun tó ń lọ. Orúkọ ọmọkùnrin tó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ni bàbá kékeré há sórí láti ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n eré tó sá ti gbé orúkọ náà lọ. Nígbà tí olùbẹ̀wò pe orúkọ ọmọbìnrin tó ti kó lọ, tí ẹnikẹ́ni ò tètè dáhùn, ìbẹ̀rù mú un. Ó fò dìde.

"Èmi nìyí, mà!"

Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí aránṣọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Mo ń bá a dáhùn ni, mà," ló bá tún sọ. "Ọ̀fun ló ń dùn ún."

Olùbẹ̀wò wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rìn lọ bá a. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bi í pé, "Tó o bá jáde níléèwé, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ṣọ́ọ̀bù kejì ló wù mí kí n ṣí, mà. Ìyẹn tí àwọn ọmọ bá ti..."

"Àwọn ọmọ ta?"

"Àwọn ọmọ... àwọn ọmọ ìyá mi, mà."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò ti dúró sí iwájú Àǹtí aránṣọ báyìí, ojú aránṣọ ò sì lè rí aṣọ tí kò gún kó dákẹ́. Ó ti ń mú un mọ́ra láti ìgbà tí obìnrin náà ti wọlé.

"Ẹ má bínú, mà. Apá ọ̀tún aṣọ yín gùn ju tòsì lọ. Ta ló rán an fún yín?" Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa téèpù yọ lápò, ó ti nà án mọ́ apá olùbẹ̀wò. "Ẹ wò ó! Íǹṣì kan gbáko!"

Ìgbà yẹn ni ẹnu ọ̀nà ṣókùnkùn. Ọkùnrin tó sanra yẹn ló dúró síbẹ̀, aṣọ funfun ìgẹrun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ ń dán bí abọ́, irun dúró ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ kejì bí igbó.

"Bàbá Ìbejì!" ló ké. "Bàbá Ìbejì dà?"

Olùbẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wo ọkùnrin náà. "Dírẹ́bà mi, kí ló dé sí ọ lórí?"

"Ẹ bi ọkùnrin yẹn, mà! Ó fá ìlàjì, ó sá lọ! Ẹ̀rín àwọn èèyàn tó ń kọjá ló jí mi. Àwọn ló ní kí n wá a wá sí kíláàsì kejì. Mo ní kí ni onígbàjámọ̀ ń wá ní kíláàsì kejì?"

Bàbá kékeré nàró, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ò gbó, mà. Mo ń padà sílé ìwé ni."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà ti fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Obìnrin tó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì mẹ́rin nítorí wọn, òun ni ẹ̀sùn yìí máa já lé lórí. Akọ̀wé rí i.

"Sọ pé o ò mọ̀ wọ́n rí," Rédíò ń fi ẹnu sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Sọ pé wọ́n ṣìnà ni."

Akọ̀wé dìde.

"Èmi ni, mà. Bàbá kékeré mi nìyí, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Èmi ni mo pè wọ́n wá, èmi ni mo da rẹ́jísítà kọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni wá. Màmá ọ̀gá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Bẹ́ńṣì dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rédíò náà ti dìde, ó dorí kodò. "Èmi ni mo gbé ìròyìn náà wá, mà. Mo ní wọn kì í fún kíláàsì tí kò bá pé ọgbọ̀n ní olùkọ́. Àmọ́... n ò gbọ́ ọ tán."

Olùbẹ̀wò mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó sì fi lé Akọ̀wé lọ́wọ́. "Kà á sókè. Kà á tán."

Akọ̀wé kà á. "'Kíláàsì tí kò bá pé ọgbọ̀n, ọ́fíìsì ẹkùn ni yóò fún un ní olùkọ́ tí yóò máa pín ọjọ́ rẹ̀ sí ilé ìwé méjì. Kíláàsì tó bá pé ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò dúró de olùkọ́ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ.'" Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ.

"Ilé ìwé mọ́kàndínláàádọ́rin ló wà lórí ìlà ní àjọ lónìí," olùbẹ̀wò wí. "Ẹni tó bá wọ ìlà yẹn báyìí, ọdún méjì ló máa fi dúró. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ pé ẹ ò pé. Ẹ̀yin lẹ wá lọ yá bàbá ìbejì kún un."

Ó fa lẹ́tà kan yọ. Lẹ́tà olùkọ́ kẹ́mísìrì ni. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ì bá bẹ̀rẹ̀. Ó kù kí olùbẹ̀wò buwọ́ lù ú pé òun rí rẹ́jísítà, pé iye tó wà níbẹ̀ jẹ́ òótọ́.

"N ò lè buwọ́ lu irọ́," ló wí, ó sì dá lẹ́tà padà sínú báàgì. "Ẹ tún rẹ́jísítà kọ. Ọ́fíìsì ẹkùn á tún un yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ẹkún tí Akọ̀wé ti ń pa mọ́ látàárọ̀ bú jáde. Dírẹ́bà, tí ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yé, fi aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ nù ún lójú, irun sì wọ̀ ọ́ lójú, ẹkún náà bá di méjì.

"Bàbá Ìbejì," olùbẹ̀wò wí kó tó jáde, "ẹ lọ parí iṣẹ́ yín. N ò lè jókòó sẹ́yìn orí ìlàjì padà sí ọ́fíìsì."

Ọ̀gá àgbà gba rẹ́jísítà lọ́wọ́ Akọ̀wé lọ́jọ́ náà, ó fún ẹlòmíì. Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ dun ọmọ náà jù. Ó ní, "Ogójì ìṣísẹ̀ ni ọ̀dọ̀ mi sí ibi tó o jókòó. O lè rìn wá béèrè." Ó wá fún òun àti Rédíò níṣẹ́: kí wọ́n ka ìwé òfin ètò ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n kọ ọ́ sórí páálí ńlá lọ́nà tó máa yé ọmọdé, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn òbí nígbà ìpàdé.

Ìpàdé náà kún. Rédíò di páálí mú, Akọ̀wé ń tọ́ka sí i. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, láti orí òrùlé dé orí àga. Ó ní ọ́fíìsì ẹkùn ló sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama jù, òun ló ń rán olùbẹ̀wò. Àjọ ló ń gba olùkọ́ síṣẹ́. Olú-ìlú ló sì ń sọ ohun tí gbogbo ọmọ máa kọ́ àti ìgbà tí wọ́n máa ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta bàtà nawọ́ sókè. "Ọmọ mi, ibi tí àbúrò yín ti ń kàwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òrùlé ń jò. Ó ti di ọdún kẹta tá a ti ń bá ọ̀gá wọn jà. Ta ló yẹ ká bá?"

Rédíò ti la ẹnu. Akọ̀wé fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú kan, mà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú ìwé."

Wọ́n wò ó. Wọ́n rí ẹ̀ka tó ń tún ilé ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀. Akọ̀wé bá àwọn òbí kọ lẹ́tà náà ní ìjókòó yẹn, gbogbo wọn buwọ́ lù ú, Bàbá Ìbejì náà sì tún buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mejì kó lè pọ̀, títí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wò ó lójú, tó pa ìkejì rẹ́. Kó tó pé oṣù kan, àwọn káfíńtà ti wà lórí òrùlé ilé ìwé náà, wọ́n ń kan páànù. Lẹ́tà náà ò rìn ju ọ́fíìsì kan lọ.

Olùkọ́ kẹ́mísìrì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gééré. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló ń wá. Ohun tí wọ́n pàdánù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi san án, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá. Akọ̀wé yege nínú ìdánwò àṣejáde, kò gba ipò kìíní o, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ bá ń ka ìtàn yìí, àgbọ́ìgbọ́tán lọ̀tá ọ̀rọ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sí ètò tí wọn ò fi ẹnì kan ṣe alábòójútó rẹ̀. Ẹ wá a kàn, ẹ bi í, ẹ sì sọ òtítọ́ fún un. Irọ́ tí Akọ̀wé pa kò fún un ní nǹkan kan. Ohun tí òtítọ́ ti gbé dé ẹnu ọ̀nà ló lé sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.